Ohun tí Káfíńtà Sọ Lábẹ́ Òkè Akọrin

Kí oòrùn ọjọ́ Sátidé náà tó kan àtàrí, Káfíńtà ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́ fún Fádà, ṣùgbọ́n inú yàrá ìjẹ́wọ́ nìkan ni òun yóò ti sọ ọ́.

Ohun tí ó fẹ́ sọ kò gùn. Ìtì igi tí ó gbé òkè akọrin ró ti jẹrà. Òkè akọrin yìí ni pèpéle onípákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn akọrin máa ń dúró lé lórí ìjọ. Ikán ti jẹ inú ìtì igi náà láti ibi tí ó ti wọ ògiri títí dé ìwọ̀n apá àgbàlagbà kan. Èèpo ló kù. Káfíńtà ni ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún. Òun ló rí i, òun náà ló sì bò ó. Ó po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ihò, ó kan pákó tuntun bò ó, ó sì fi fáníìṣì kun gbogbo rẹ̀ títí ó fi ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Ìgbìmọ̀ wá wò ó. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú un ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ìtì igi náà ní láti tú pèpéle palẹ̀, kí ó fọ́ ògiri, kí ó sì wá igi tó gbó dáadáa. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń bọ̀ wá bẹ ìjọ wò yóò ti wá, yóò sì ti lọ, kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó parí. Bẹ́ẹ̀ ni aya rẹ̀, tí í ṣe adarí ẹgbẹ́ akọrin, ti dìde níwájú ìjọ, ó ti fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ òun yóò parí iṣẹ́ náà kí àlejò tó dé. Káfíńtà ro ojú tí obìnrin náà yóò gbé pàdé ìjọ bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé igi náà ṣì lè gba ìwọ̀nba akọrin díẹ̀ títí ìbẹ̀wò náà yóò fi kọjá, àti pé lẹ́yìn náà òun yóò wá nǹkan sọ.

Ọ̀rọ̀ ti wá kọjá ìwọ̀nba akọrin díẹ̀. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó lọ mú òòlù kan tí ó gbàgbé síbẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti gbé dùùrù tuntun gòkè. Àwọn tó gbé e ṣì ń di ìbàdí mú. Ibi tí wọ́n gbé e kà ni ibi tí ìtì igi ti wọ ògiri gan-an. Nísàlẹ̀, lórí òrùlé yàrá ìjẹ́wọ́, ìyẹ̀fun pupa kan ti dà sílẹ̀, ó kúnná bí àtíkè. Káfíńtà fi ìka kó o, ó fi símú. Kì í ṣe eruku ilé, igi tí ikán ti lọ̀ ni. Aya rẹ̀ bá a níbẹ̀, ó sọ fún un tayọ̀tayọ̀ pé àwọn akọrin ìjọ kejì ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ láti bá wọn fi ohùn ṣọ̀kan fún Mísà ọ̀la, gbogbo wọn ni yóò sì gòkè. Ó la ẹnu láti fèsì. Ẹ̀rín ojú obìnrin náà ló pa ẹnu rẹ̀ dé.

Nítorí náà, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí àga kan tí kò tíì ní ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀rí-ọkàn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré. Ó mú òfin Ọlọ́run ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣe àti ohun tí kò ṣe. Ó rí ìbínú. Ó rí èpè tí ó ṣẹ́ fún aládùúgbò tí ó ń da omi ìdọ̀tí sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Ó rí Mísà tí ó fi oorun pa jẹ. Ó to àwọn wọ̀nyí síwájú, ó to irú wọn sẹ́yìn, ó wá ti ọ̀rọ̀ igi bọ àárín wọn, bí ẹni ń fi oyin gbé oògùn kíkorò mì. Ó sì fi ẹnu sọ ọ́ sókè láti dán an wò.

“Fádà, iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe, kò lágbára tó bó ṣe yẹ.”

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó mọ̀ pé kò tó. Ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Fádà yóò lóye. Yóò ti ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn, yóò ju kọ́kọ́rọ́ sápò, yóò ní ìsàlẹ̀ ló wu òun kí àwọn akọrin dúró sí lọ́la. Ta ni yóò bi Fádà léèrè ìdí? Ó lè lọ bá Fádà ní ọ́fíìsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà kì í tì dáadáa, katikíìsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, tó sì máa ń jókòó síbẹ̀, etí rẹ̀ gùn ju ti ehoro lọ. Inú yàrá ìjẹ́wọ́ nìkan ni èèyàn ti lè sọ ọ̀rọ̀ kí orúkọ rẹ̀ má bá a jáde. Bí ó ṣe rò ó nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, kò sì wo ẹ̀yìn ẹ̀fà.

Nígbà tí ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà àwọn tó fẹ́ jẹ́wọ́ ti kúrú. Yàrá ìjẹ́wọ́ jẹ́ àpótí onígi gíga kan, ilẹ̀kùn méjì ló ní, ọ̀kan fún Fádà, ọ̀kan fún ẹlẹ́ṣẹ̀, iná pupa kékeré sì máa ń tàn lókè rẹ̀ bí ènìyàn bá wà nínú. Abẹ́ òkè akọrin gan-an ni ó wà. Káfíńtà kò gbé ojú sókè. Ó jókòó síwájú arúgbó kan tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Agbẹ̀bí, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí ìdajì wọn sí. Ìyá náà ti yẹ ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn léraléra. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa kánjú mọ́ òun lẹ́yìn.

“Káfíńtà, ìwọ náà nìyí! Ta lo pa?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ n sinmi.”

“Mo kàn bi ọ́ ni. Ojú ẹ dà bíi ti ọkọ tí wọ́n ní ìyàwó ẹ̀ bí ẹ̀ta. Tèmi ò lè pẹ́ níbẹ̀ ní tèmi. Ẹ̀ṣẹ̀ tó kù fún mi ò ju òfófó lọ, àìléyín ò sì jẹ́ kí n ṣe é dáadáa mọ́.”

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tí ó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, tí wọ́n sọ ní Ààrá nítorí ohùn rẹ̀, dúró láti dá sí i.

“Ìyá, tí ẹ bá ń jẹ́wọ́ òfófó, ẹ dárúkọ àwa tí ẹ ṣe é sí o, kí Fádà lè bá wa kẹ́dùn!”

“Ìwọ Ààrá, gbé ikùn ẹ gòkè kí ọ̀nà là. Àwọn àlejò ń dúró.”

Ààrá gun àtẹ̀gùn, igi ń ké lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín tún sọ. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fetí bá ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lọ: ó dé òkè, ó yà sápá òsì, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn akọrin ìjọ kejì ń wọlé, wọ́n ń kíra wọn, wọ́n ń gba aṣọ ẹ̀yẹ wọn lọ́wọ́ ara wọn. Adarí ló ṣáájú wọn. Ó rí ọkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu ọwọ́ àtẹ̀gùn gbà, gbà.

“Ẹ wò ó, ẹ̀yin àlejò wa, olówó orí mi nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ẹ ń wò yìí. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn lè wá fò sókè lórí ẹ̀!”

“Ìyàwó,” ni Káfíńtà wí, ó sì dìde. “Ẹ ò ṣe kọrin nísàlẹ̀ lónìí? Èrò yín ti pọ̀.”

“Nísàlẹ̀? Kí dùùrù wá máa dá kọrin lókè? Ẹ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín, jàre. Fádà náà ti ní tí ìjẹ́wọ́ bá ti parí, àwọn máa gòkè wá súre sí dùùrù fún wa.”

Ó kọjá lọ. Àwọn àlejò tẹ̀ lé e. Káfíńtà jókòó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa orúnkún. Iná pupa kú, obìnrin kan jáde, Ìyá Agbẹ̀bí sì fi ìgbúnwọ́ gún un.

“Wọlé. Jọ̀wọ́, tó bá gùn, gé e kúrú. Ẹsẹ̀ mi kì í ṣe igi.”

Inú yàrá náà ṣókùnkùn, ó ń rùn bí ìda àbẹ́là. Káfíńtà kúnlẹ̀. Asẹ́ onígi kan wà láàárín òun àti Fádà. Òjìji orí Fádà, tí òun náà ti di arúgbó, nìkan ló ń rí. Lókè orí wọn, ẹsẹ̀ ń rìn, àga ń yí.

“Ẹ súre fún mi, Fádà, nítorí mo ti dẹ́ṣẹ̀.”

Ó ka ìbínú. Ó ka èpè. Ó dé àárín, ó gbé mìíràn sọ, ó tún padà sí àárín.

“Fádà, iṣẹ́ kan wà tí mo ṣe. Kò lágbára tó bó ṣe yẹ.”

“Iṣẹ́ wo?”

“Iṣẹ́ igi ni, Fádà.”

“Ọmọ mi, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mo gbọ́ ti aládùúgbò ẹ àti omi ìdọ̀tí ẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ wo ni?”

Dùùrù dún lókè, ohùn kan ṣoṣo, gígùn. Nǹkan rírọ̀ kan bà lé ẹ̀yìn ọwọ́ Káfíńtà. Ìyẹ̀fun pupa ni, ó gba àárín pákó òrùlé wọlé.

“Iṣẹ́ òkè yìí ni,” ni ó wí.

Káfíńtà sì sọ ọ́ tán: ikán, ihò, gọ́ọ̀mù, pákó tuntun, fáníìṣì, dùùrù.

“Ṣé ó lè já?”

“Ó lè já, Fádà.”

“Ìgbà wo?”

“Mi ò mọ̀. Ó lè di ọ̀la. Ó lè jẹ́ báyìí.”

“Ta lo ti sọ fún nínú àwọn tó wà lókè yẹn?”

“Ẹ̀yin ni mo sọ fún.” Káfíńtà súnmọ́ asẹ́. “Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn, Fádà. Kí ẹ bá wa ti àtẹ̀gùn. Ẹ kàn sọ pé ìsàlẹ̀ ló wù yín. Wọn ò ní mọ̀ pé látọ̀dọ̀ mi ni.”

Nígbà tí Fádà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

“Kí ló dé tí o ò wá bá mi ní ọ́fíìsì?”

“Nítorí etí ni, Fádà.”

“Ká ní ọ́fíìsì lo ti sọ ọ́ ni, tàbí lójú ọ̀nà, tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn ẹ yẹn, mo ti ti àtẹ̀gùn yẹn kí o tó sọ̀rọ̀ tán. Ibí lo wá sọ ọ́ sí. Èdìdì wà lórí gbogbo ohun tí mo bá gbọ́ níbí. Mi ò lè fẹnu sọ ọ́, mi ò lè fojú ṣe é, mi ò lè torí ẹ̀ yẹsẹ̀ lójú ọ̀nà tí mo bá ń gbà tẹ́lẹ̀. O rò pé o rán mi níṣẹ́ ni. Ẹnu kan tó lè bá ọ sọ ọ́, òun lo wá dì yìí.”

“Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ náà, Fádà. Èmi náà ni mo ní kí ẹ lò ó.”

“Nígbà náà, jáde kí o tún un sọ fún mi níta, níbi tí etí mi ti jẹ́ etí bíi ti gbogbo èèyàn. Sọ ọ́ fún mi, sọ ọ́ fún adarí, sọ ọ́ fún ẹni tó bá súnmọ́ ọ jù. Ṣé wàá sọ ọ́?”

“Màá gbìyànjú.”

“Mi ò bi ọ́ ní ti ìgbìyànjú.”

Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin. Ó wọlé gba orí òrùlé yàrá náà bí omi. Káfíńtà ro aya rẹ̀ tí ó dúró sójú wọn tí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi iwájú orí ti asẹ́.

“Mi ò lè dá ẹ̀ṣẹ̀ tí o ṣì ń dá lọ́wọ́ jì ọ́,” ni Fádà wí, kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. “Lọ ṣe é, kí o padà wá. Màá wà níbí.”

“Ẹ má gòkè, Fádà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin má gòkè.”

“Mo ti sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, kí ni kí wọ́n sọ pé ó yí mi lọ́kàn padà, láàárín ìgbà tí o wọlé àti ìgbà tí o jáde? Máa lọ, ọmọ mi. Àwọn èèyàn ń dúró.”

Káfíńtà jáde. Ìyá Agbẹ̀bí ti dìde, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀.

“Ó pẹ́ o! Ṣé ti gbogbo àdúgbò lo bá wọn jẹ́wọ́ mọ́ ọn ni?”

Ó wọlé, iná pupa tún tàn. Káfíńtà dúró síbi tí ó wà. Ó gbé ojú sókè nígbà yìí. Nínú fáníìṣì tí ó kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìlà kan ti là, kò nípọn ju irun orí lọ. Bí àwọn akọrin bá gbé orin sókè, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mú ìwọ̀n, ìlà náà a dúdú sí i. Bí wọ́n bá rọra kọ ọ́, a tún padà sí bí ó ti wà. Igi náà ń mí. Káfíńtà ti rí pákó tó ń ṣe báyìí rí, kò sì tíì rí èyí tó ṣe é tí ó tọ́jọ́.

Ó ṣètò rẹ̀ lọ́kàn. Fádà yóò jáde, òun yóò pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, òun yóò ní, “Fádà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.” Ọ̀rọ̀ kúkurú. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́.

Ìyá Agbẹ̀bí kò pẹ́ lóòótọ́. Ó jáde, ó ń nu ojú, ó sì lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti gba àdúrà tí wọ́n fún un. Ilẹ̀kùn kejì ṣí. Fádà yọjú, arúgbó tó sanra, orúnkún ọ̀tún ń dà á láàmú. Ó bọ́ ọ̀já ọrùn elésè àlùkò tí ó fi ń gbọ́ ìjẹ́wọ́, ó fẹnu kò ó, ó ká a. Kí Káfíńtà tó gbé ẹsẹ̀ kejì, Adarí ti sáré sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, àwọn àlejò méjì sì ti gba Fádà lápá.

“Fádà, ẹ rọra o. A ti gbé àga sílẹ̀ fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù.”

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi.”

Wọ́n gba iwájú Káfíńtà kọjá. Ó lè na ọwọ́ kan aṣọ Fádà. Kò nà án. Fádà kò wò ó. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára bẹ́ǹṣì. Ó fi ọwọ́ mú igi àtẹ̀gùn, ó gbé ẹsẹ̀ tí kò dùn ún sókè, ó fa èkejì tẹ̀ lé e. Káfíńtà rí i pé eegun ọwọ́ rẹ̀ ti funfun lórí igi náà, àti pé ètè rẹ̀ ń mì. Arúgbó náà ń gbàdúrà, ó sì ń gòkè. Lókè, ohun kan dún, kékeré, gbígbẹ, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣá ìṣáná tí kò ràn.

“Ẹ má gòkè!”

Ariwo Káfíńtà lu ògiri iwájú, ó sì padà. Orin gé.

“Kí ló dé?” ni Adarí bèèrè.

Ààrá yọ orí láti òkè. “Káfíńtà, ìrònúpìwàdà ọ̀hún ti pọ̀ jù! Fádà kò ní kí o fi ariwo ṣe é!”

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn akọrin. Fádà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì wo Káfíńtà.

“Kí lo wí, Káfíńtà?”

Káfíńtà wá nǹkan lójú rẹ̀, ó kéré tán mímì orí kan, àmì pé àwọn méjèèjì ti mọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe ìyanu ẹni tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà. Yóò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ìtì igi yẹn ti jẹrà. Ikán ti jẹ ẹ́. Mo rí i nígbà tí mò ń tún un ṣe. Mo fi gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú pákó dí i, mo sì kùn ún. Kò lè gbé gbogbo yín. Kò tiẹ̀ lè gbé àwọn tó wà lórí ẹ̀ báyìí pẹ́.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

“Mo ti gbọ́,” ni Fádà wí, kíá, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. “Ẹnikẹ́ni má sáré. Ẹnikẹ́ni má súnmọ́ dùùrù. Káfíńtà, báwo ni kí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀?”

“Kí wọ́n fara mọ́ ògiri apá ọ̀tún. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ààrá kọ́kọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, kó má fò, kó wọ́ ẹsẹ̀.”

Fádà sọ̀ kalẹ̀, ó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń gba ọwọ́ wọn bí wọ́n ti ń dé. Ààrá dé, ojú rẹ̀ tutù, kò lóhùn mọ́. Obìnrin kan ń sunkún láìjẹ́ kí ohùn jáde. Adarí ti padà gòkè ní tirẹ̀. Òun ló ń ka orúkọ wọn, òun ló ń fi ọwọ́ darí wọn, bí ìgbà tí ó bá ń fi orin lé wọn lẹ́nu. Igi náà ń ké, ó ń dákẹ́. Ìyẹ̀fun pupa ń rọ̀ sórí yàrá ìjẹ́wọ́. Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn ti kọjá, ó ku òun nìkan lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá tí wọ́n ń gbé ìwé orin kà.

“Máa bọ̀,” ni Káfíńtà wí láti ìsàlẹ̀.

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọgbà pèpéle mú, ó wo ìsàlẹ̀, ó wo gbogbo ìjọ tó gbé ojú sókè, ó sì wá wo ọkọ rẹ̀.

“Gòkè wá.”

“Adarí, sọ̀ kalẹ̀,” ni Fádà wí.

“Fádà, ẹ forí jì mí. Kó gòkè wá. Kó wá dúró níbi tí mo ti ń dúró.”

Káfíńtà gun àtẹ̀gùn. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Ó fara mọ́ ògiri bí ó ti ní kí àwọn mìíràn ṣe, ó rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì yẹ̀ fún un kí ó lè bọ́ sí ojú ibi tí òun wà. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Pákó náà rì sísàlẹ̀ díẹ̀, bí ibùsùn ṣe ń rì, ohun kan sì ké nínú ògiri.

“Ṣé o gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Ohun tí mo ti ń gbọ́ látìgbà tí o ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Mo bi ọ́ lórí ibùsùn wa. O ní igi tuntun ló ń fìdí jókòó, ó máa dákẹ́ tó bá yá. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Àwọn ọmọbìnrin yẹn ní ẹ̀rù ń ba àwọn, mo ní kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu, pé ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Káfíńtà na ọwọ́ sí i. Obìnrin náà wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo irinṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n lò, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó fara mọ́ ògiri, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ síbi àtẹ̀gùn. Dùùrù náà fi ẹ̀gbẹ́ kan yẹ̀, ó dúró. Nísàlẹ̀, gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn papọ̀.

“Dúró kí n dé ìsàlẹ̀ ná,” ni ó wí, kò bojú wẹ̀yìn. “Kò lè gbé wa pọ̀.”

Káfíńtà dúró. Ó ń fetí sí ẹsẹ̀ aya rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì ń fetí sí igi tó wà lábẹ́ tirẹ̀.